Lẹ́tà méjì lórí tábìlì kan: káńsù fẹ́ gé owó mi, wọ́n fi kún ti ìyàwó mi

Onímọ́tò Àríwá · Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹfà 2025

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí, n kì í sábà dá sí i. Ṣùgbọ́n èyí ti gba oorun lójú mi.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ akólẹ̀ fún káńsù kan ní àríwá England. Káńsù yìí náà ni ìyàwó mi ń bá ṣiṣẹ́. Ó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Ẹtì mo délé ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo bá àpòòwé méjì lórí tábìlì, orúkọ mi wà lára ọ̀kan, tirẹ̀ wà lára èkejì. Mo ṣí tèmi. Wọ́n ní àwọn ti ṣe ìgbéléwọ̀n gbogbo iṣẹ́ káńsù kí owó ọkùnrin àti ti obìnrin lè dọ́gba. Wọ́n ní iṣẹ́ mi bọ́ sí gíréèdì tó kéré sí èyí tí mo wà, owó mi yóò sì wálẹ̀ láti £31,400 sí £27,100 lọ́dún. Wọn ò ní fọwọ́ kàn án fún oṣù méjìlá, lẹ́yìn náà ó di gígé. Kí n buwọ́ lùwé láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún.

Ìyàwó mi dé láago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó ṣí tirẹ̀. Wọ́n fi £1,150 kún owó rẹ̀ lọ́dún. Ó wo ojú mi, ó rọra dá ìwé náà padà sínú àpòòwé. Kò yọ̀, kò sì sọ nǹkan kan. A jókòó síbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ní ibùdó ọkọ̀ wa, ilé ti dà rú. Àwọn kan ń sọ pé àwọn obìnrin ló pe ẹjọ́ tó kó wa sí èyí. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ojú mi á lọ sílẹ̀, nítorí obìnrin kan nínú àwọn tí wọ́n ń sọ wà nílé mi. £358 lóṣù ni wọ́n fẹ́ yọ, kí owó orí tó wọ̀ ọ́. Mọ́gééjì wa kò ní dín kù. Ẹ̀yin tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ta ló jẹ̀bi gan-an, kí sì ni kí n ṣe?

---

Ìyá Alásè

Onímọ́tò, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń sanwó ilé ló mọ ohun tí £358 jẹ́ nínú oṣù kan. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣeré lójú yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Ọdún méjìlélógún ni mo fi dáná ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọmọ 340 ni à ń fún lóúnjẹ lójúmọ́. Ìkòkò tí a fi ń se ànàmọ́, ènìyàn méjì ló ń gbé e kúrò lórí iná. Ọwọ́ ọ̀tún mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, àpá iná ni. Gíréèdì kan náà ni èmi àti ọkọ ọ̀rẹ́ mi wà nínú ìwé káńsù, òun ń gbá òpópónà. Mo dé ilé wọn lọ́jọ́ kan, ìwé owó oṣù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ojú mi sì já sí i. Owó wákàtí kan tirẹ̀ àti tèmi dọ́gba géérégé. Àmọ́ ìlà kan wà nísàlẹ̀ tí kò sí nínú tèmi. Bónọ́ọ̀sì ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó iṣẹ́ náà. Mo bi í pé kí ló ń ṣe tí wọ́n fi ń fún un ní ìyẹn. Ó ní, “Mò ń wá síbi iṣẹ́ ni.” Ọkùnrin dáadáa ni, kò fi ṣe fáàrí. Òun náà kò mọ ìdí rẹ̀.

Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwa la gba owó yín. Ẹni tó ń san án fún yín tí kò san án fún wa ló mọ ohun tó ń ṣe.

---

Ọmọ Ìbàdàn

Mo kí gbogbo ilé. Ìbàdàn níbí ni mo wà, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì rú mi lójú. Lọ́dọ̀ tiwa, bí obìnrin bá wà ní Level 9 tí ọkùnrin náà wà ní Level 9, owó kan náà ni wọ́n ń rí gbà. Ìṣòro tiwa ni bóyá owó náà yóò dé. Báwo ni ìlú tó ní òfin báyìí ṣe ń san owó méjì fún gíréèdì kan? Ẹ là mí lọ́yẹ̀.

---

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣe aṣojú yúníọ̀nù ní káńsù kan, ẹ jẹ́ kí n tò ó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 1968, àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ ìjókòó mọ́tò ní ilé iṣẹ́ Ford ní Dagenham daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wọ́n ka iṣẹ́ wọn sí èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ gba ìmọ̀ọ́ṣe. Òfin owó ọgbọọgba jáde ní 1970, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 29 oṣù Kejìlá 1975. Òfin náà kò tó nígbà yẹn, nítorí obìnrin ní láti rí ọkùnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀, tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ìgbéléwọ̀n sọ pé ó dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀. Ọkùnrin mélòó ló ń se oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́? Láti 1984 ni wọ́n ti gbà pé bí iṣẹ́ méjì kò bá tilẹ̀ jọra, tí ìníyelórí wọn bá dọ́gba, owó wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ibi tí bónọ́ọ̀sì ti wọlé nìyí. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí àwọn ọdún 1970, ìjọba ń tẹ owó oṣù mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn káńsù fi yọ nínú ẹ̀ ni kí wọ́n máa pe àfikún owó ní bónọ́ọ̀sì, pé òṣìṣẹ́ ti ṣe ju iye tí wọ́n là sílẹ̀ fún un lọ. Àwọn akólẹ̀, agbálẹ̀ òpópónà, àwọn tó ń gbẹ́ sàréè, àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ló sì rí i gbà. Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn tó ń fọ ilé, àwọn alásè kò rí i. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó ń wọn iṣẹ́ kankan mọ́, bónọ́ọ̀sì ti di owó oṣù lásán. Ó wá dé 1987, wọ́n tún gíréèdì àwọn òṣìṣẹ́ alágbára, ìyẹn àwọn tó ń fi agbára ara ṣiṣẹ́, ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìwé yẹn fúnra rẹ̀ ló fi àwọn tó ń tọ́jú arúgbó sí ipò kan náà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Káńsù buwọ́ lù ú, bónọ́ọ̀sì sì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe wà. Ọmọ Ìbàdàn, ohun tó ń jẹ́ owó méjì fún gíréèdì kan nìyẹn.

Ní 1997 a fọwọ́ sí àdéhùn tuntun pẹ̀lú àwọn káńsù. Àwọn òṣìṣẹ́ alágbára tó ń ṣe wákàtí 39 lọ́sẹ̀ yóò máa ṣe 37 bíi ti àwọn tó wà ní ọ́fíìsì, gbogbo iṣẹ́ yóò sì gba abẹ́ ìgbéléwọ̀n kan ṣoṣo. Àdéhùn náà dára. Owó tí wọ́n máa fi ṣe é ni ìjọba àpapọ̀ kò gbé kalẹ̀. Àwọn káńsù bá ń sún un síwájú, wọ́n sún un títí wọ́n fi dá ọjọ́ ìkẹyìn sí 31 oṣù Kẹta 2007, ọ̀pọ̀ ni kò sì bá ọjọ́ náà. Ibi tí wọ́n sún un dé ló wó lu Onímọ́tò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi òótọ́ kan kún un, bó tilẹ̀ dùn mí láti sọ ọ́. Ọwọ́ àwa yúníọ̀nù náà kò mọ́ tán. Ní 2008 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá yúníọ̀nù GMB lẹ́bi lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní káńsù Middlesbrough. Wọ́n ti rọ àwọn obìnrin láti gba owó àjẹsílẹ̀ tó kéré kí owó lè kù láti fi dáàbò bo owó oṣù àwọn ọkùnrin. Ìyá Alásè, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.

---

Ìyá Alásè

Mo gbọ́ yín, Akọ̀wé. Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ ní gbangba. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnìkan sọ ọ́.

---

Ọmọ Leeds

Ẹ̀yin àgbà, mo ka gbogbo rẹ̀. Ìtàn lẹ ń sọ, gígé ni wọ́n ń gé owó ẹ̀gbọ́n wa! Lẹ́yìn ọkọ̀ akólẹ̀ ni èmi náà ń ṣiṣẹ́, mò ń fa ike ìdọ̀tí. Nínú òjò, nínú yìnyín, pẹ̀lú ìgò fífọ́ nínú àpò. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dá òfin bónọ́ọ̀sì sílẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ àwa ni wọ́n fẹ́ fi gbèsè yẹn lé lórí?

Ní 2009 níbí ní Leeds, irú lẹ́tà yìí dé. Àwọn akólẹ̀ rí i pé àwọn kan nínú wọn máa pàdánù tó £6,000 lọ́dún. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, wọn ò padà títí di ìparí oṣù Kọkànlá. Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ṣì wà ní ibùdó wa. Wọ́n sọ pé owó ilé, owó iná, gbogbo rẹ̀ ṣẹ́ jọ, síbẹ̀ wọn ò yẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ohun tí káńsù gbé wá kì í ṣe ohun tó gbé wá ní ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá buwọ́ lùwé, ó ti tán.

Bí àwọn obìnrin bá fẹ́ owó, kí wọ́n jà fún tiwọn. Kí wọ́n má fa tiwa wálẹ̀.

---

Ìyá Alásè

Àbúrò mi, ẹ̀kún yín tọ́ sí yín, mi ò ní sọ pé kí ẹ má sun ún. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mi ò gbà. Kò sí obìnrin kan tó lọ sílé ẹjọ́ tó sọ pé, “Ẹ gé ti ọkùnrin.” Ohun tí a béèrè ni pé kí ẹ san tiwa bí ẹ ṣe ń san tiwọn. Ilé ẹjọ́ fún wa ní àre. Káńsù ló wá yí i padà pé òun yóò bá a dọ́gba láti òkè wá sísàlẹ̀. Kí ìbínú yín máa lọ sí ibi tó yẹ kó lọ.

---

Ará Birmingham

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nítorí ìlú tí mò ń gbé ni ọ̀rọ̀ yìí ti bàjẹ́ jù.

Lọ́dún 2010, àwọn obìnrin tó lé ní ẹgbàajì, ìyẹn 4,000, borí káńsù Birmingham ní ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn tó ń fọ ilé, tó ń dáná, tó ń tọ́jú arúgbó. Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ pé bónọ́ọ̀sì àwọn ọkùnrin kan máa ń tó 160 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn 174 tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí oṣù mẹ́fà tí òfin fi sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ti kọjá lórí wọn, gba ilé ẹjọ́ mìíràn lọ. Káńsù bá wọn fà á dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní oṣù Kẹwàá 2012, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún gbè wọ́n, pé wọ́n ní ọdún mẹ́fà láti pe ẹjọ́. Ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn. Owó tí káńsù ti san láti ìgbà náà ti kọjá bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n tún padà dá a sílẹ̀. Àwọn akólẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2017, wọ́n sì fi ipò tuntun kan parí ìjà náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023 káńsù kéde pé òun kò lówó mọ́, ẹjọ́ owó ọgbọọgba sì wà lára ohun tó fà á. Nígbà tó wá di pé wọ́n fẹ́ pa ipò 2017 yẹn rẹ́, tí wọ́n ní ó lè bí ẹjọ́ tuntun, àwọn akólẹ̀ tún daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá láti 11 oṣù Kẹta 2025. Yúníọ̀nù Unite ní àwọn kan máa pàdánù tó £8,000, káńsù ní kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di oṣù Kẹfà 2025 yìí wọn ò tíì padà. Nígbà kan ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀ tó 17,000 tọ́ọ̀nù. Mo rí eku tó ń sá kọjá lójú pópó lọ́sàn-án gangan, níwájú àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́.

Kò sí ẹni tó jèrè nínú rẹ̀. Ìyá tó borí ní 2010 àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ní 2025, ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé, ìdọ̀tí kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

---

Ará Glasgow

Ọmọ Leeds, jọ̀wọ́ fara balẹ̀ ka tèmi, nítorí pé níbí a rí ọ̀nà mìíràn.

Ní nǹkan bí 2006 sí 2007 ni káńsù wa ṣe ìgbéléwọ̀n tirẹ̀. Wọ́n fi ọdún mẹ́ta dáàbò bo owó àwọn ọkùnrin tí gíréèdì wọn wálẹ̀. Àwọn obìnrin tó yẹ kí wọ́n ti máa gba iye yẹn látẹ̀yìn wá kò sí lábẹ́ ààbò náà. Ẹjọ́ náà pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọdún lé ní mẹ́wàá. Ní 2017 Court of Session, ilé ẹjọ́ gíga ti Scotland, sọ pé ààbò yẹn kò ní àwíjàre, àti pé káńsù kò lè fi hàn pé ìgbéléwọ̀n náà ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Síbẹ̀, ìpàdé lórí ìpàdé, kò sówó.

Ní 23 àti 24 oṣù Kẹwàá 2018, àwọn obìnrin tó lé ní 8,000 daṣẹ́ sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ibùdó àwọn akólẹ̀, obìnrin bíi mẹ́wàá péré ló dúró nínú òtútù pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin dé láàárọ̀ kùtù, wọ́n pa mọ́tò wọn, wọ́n wo àwọn obìnrin náà. Wọn kò wọlé. Kò sí ẹni tó fi agbára mú wọn. Òfin kò tilẹ̀ dáàbò bò wọ́n, nítorí wọn ò dìbò fún ìyanṣẹ́lódì kankan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn káàkiri ìlú ló yí padà tí wọn ò fi ẹsẹ̀ gba àárín àwọn obìnrin náà kọjá. Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìyá òun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní oṣù Kìíní 2019 wọ́n fẹnu kò sí nǹkan bíi £548 mílíọ̀nù. Kí káńsù tó rí i san, ó ta àwọn ilé ńláńlá tó jẹ́ ti ìlú, ó sì ń háyà wọn padà, títí kan gbọ̀ngàn SEC àti Emirates Arena. Gbèsè náà wúwo lára ìlú. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ akólẹ̀ kan ní Glasgow tó ń bá obìnrin jà lórí rẹ̀.

---

Ọmọ Leeds

Mo ti kà á, ẹ̀gbọ́n. N kò mọ ti Glasgow yẹn rí. Mo fà ọ̀rọ̀ mi ìkẹyìn sẹ́yìn. Ìyá Alásè, ẹ má bínú sí mi.

---

Onímọ́tò Àríwá

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ka ti Glasgow sókè fún ìyàwó mi. Ó gbọ́ ọ títí, ó ní kí n tún ibi tí wọn ò ti wọlé yẹn kà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ń lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Bí mi ò bá buwọ́ lùwé ńkọ́? Ọ̀gá wa ní wọ́n lè lé wa kí wọ́n tún gbà wá padà. Ṣé òótọ́ ni?

---

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Bí òfin ṣe wà ní 2025 yìí, òótọ́ ni wọ́n lè gbìyànjú ẹ̀, ọ̀pọ̀ káńsù ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún bá tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá yúníọ̀nù jókòó sọ̀rọ̀, ó kéré tán ọjọ́ 45 ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún, ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ fún yín. Nítorí náà ọjọ́ mọ́kànlélógún tó wà nínú lẹ́tà yẹn, káńsù ló kọ ọ́, òfin kọ́.

Ẹ má buwọ́ lu nǹkan kan kí aṣojú yín tó kà á. Ẹ má sì dákẹ́ pẹ̀lú. Èyí ni mo ń bẹ̀ yín kí ẹ dì mú. Bí wọ́n bá gé owó náà tí ẹ sì ń bá iṣẹ́ lọ láìsọ nǹkan, bó pẹ́ bó yá wọ́n á ní ẹ ti gbà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ kò fara mọ́ ọn, pé ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtakò. Ẹ fi ránṣẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi mí ni pé kí ló dé tí káńsù kò kàn fi owó ọkùnrin sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀, obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ gba gíréèdì kan náà lè fi ọkùnrin náà wé ara rẹ̀ nílé ẹjọ́, kó sì gba owó àjẹsílẹ̀ tó tó ọdún mẹ́fà ní England. Ọ̀nà tó kù ni kí wọ́n gbé àwọn obìnrin dé ibi tí ọkùnrin wà. Ìyẹn ni a fẹ́, owó ńlá sì ni. Àwọn ìjọba tó gé owó tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn káńsù lẹ́yìn 2010 mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ariwo wa kọjú sí, lọ́dọ̀ aṣòfin yín ní Westminster.

Ohun tí ẹ sì ní lọ́wọ́ báyìí ni ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n tún ìgbéléwọ̀n náà yẹ̀ wò. Ẹ lò ó.

---

Òǹṣirò

Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbéléwọ̀n rí, ní káńsù tí n kò ní dárúkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù.

Kò sí ẹni tó ń wá wo yín níbi iṣẹ́. Ìwé ni wọ́n ń kà. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ káńsù ń lò ní orí mẹ́tàlá. Wọ́n á béèrè ìmọ̀ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, ìrònú, bí ẹ ṣe ń bá ènìyàn lò, ìmọ̀ọ́ṣe ọwọ́, ìdánúṣe, agbára ara, ìfọkànsí, ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe sí ọkàn ènìyàn. Ojúṣe gba orí mẹ́rin: lórí àwọn ènìyàn tí ẹ̀ ń sìn, lórí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ yín, lórí owó, lórí irinṣẹ́. Ìkẹyìn ni ipò ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Orí kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀.

Ìwé àwọn awakọ̀ tó wá síwájú wa, ọ̀gá kan tó wà ní ọ́fíìsì ló kọ ọ́. Ó kọ “ó ń wa ọkọ̀, ó ń tẹ̀lé ipa ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀.” Ó tán. Báwo ni a ṣe fẹ́ fún un ní máàkì fún ohun tí kò sí nínú ìwé? Ẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù ogún lọ wọ àdúgbò tí mọ́tò pa sí ọ̀tún àti òsì, tí ọmọdé lè sá jáde, ẹni méjì sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹ̀mí wọn wà lọ́wọ́ yín. Ìfọkànsí nìyẹn, ojúṣe nìyẹn. Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti àdúgbò. Ẹ má sọ pé iṣẹ́ náà “le”. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbé, bó ṣe wúwo tó, ìgbà mélòó lójúmọ́.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ fún ìyàwó yín. Kí ó má rò pé nítorí wọ́n fi £1,150 kún tirẹ̀, máàkì rẹ̀ péye. Ìwé àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ló máa ń ṣófo jù. Wọ́n á kọ “ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti wẹ̀, láti jẹun.” Ohun tó ń ṣe sí ọkàn, wọ́n á fi í sílẹ̀.

---

Onímọ́tò Àríwá · Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹfà 2025

Mo padà wá jíṣẹ́ fún yín.

A kò buwọ́ lùwé, èmi àti àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ibùdó wa. Aṣojú wa ti kọ lẹ́tà àtakò, ẹnì kọ̀ọ̀kan fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé àkọ́kọ́ pẹ̀lú káńsù. Àwọn obìnrin mẹ́rin láti ẹ̀ka ìtọ́jú arúgbó ní àwọn máa bá wa jókòó níbẹ̀. Àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

Òru ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó mi gbé ìwé ìgbéléwọ̀n mi ka tábìlì, ó mú bírò, ó ní kí n máa sọ, òun á máa kọ. Ó bi mí pé ìgbà mélòó ni mo ń sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ lójúmọ́. N kò kà á rí. Ó ní kí n kà á. A ka àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ó lé ní ogójì. Ó bi mí nípa abẹ́rẹ́ tó gún ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wa ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ta ló di ọgbẹ́ rẹ̀, ta ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Mo ní èmi ni. Ó ní, “O ò sọ fún mi rí.” Ó kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà a mú tirẹ̀. Ó kan èmi láti kọ, òun ń sọ. Ilé mẹ́sàn-án ló ń wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Bàbá kan wà tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, tó máa ń pè é ní orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ti kú, ìyàwó mi sì máa ń dáhùn. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti béèrè nípa ọkàn, ó dákẹ́. Ó wá ní mẹ́rin ni òun ti bá nílẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ti kú lóru, láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Òun á pe ọ́fíìsì, òun á dúró ti òkú títí ẹnìkan á fi dé, lẹ́yìn náà òun á lọ sí ilé tó kàn, nítorí ẹni tó wà níbẹ̀ ń retí oúnjẹ.

Ọdún mọ́kànlá. Orí ibùsùn kan náà la jọ ń sùn.

Ìwé tèmi di ojú ewé méje, mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí kí n tó gbé ọkọ̀ jáde. Tirẹ̀ ti di mọ́kànlá. Ó ní òun kò tíì parí.